Bàbá Tó Ń Wẹ Awọ ní Àpáta

Àwọn èèyàn a máa ní àwọn ń fọ àga mọ́tò. Bàbá mi àgbà kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Bí oníbàárà bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àpáta, ní ìlú Jos, tó ní, "Bàbá, ẹ bá mi fọ inú mọ́tò yìí," Bàbá yóò kọ́kọ́ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, yóò bẹ̀rẹ̀ wo ìjókòó náà bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, yóò wá dáhùn pé, "Aṣọ là ń fọ̀. Awọ, wíwẹ̀ là ń wẹ̀ ẹ́."

Ọyẹ́ tó kọjá yìí ló mú un lọ. Láti ìgbà náà, ohùn rẹ̀ ló ń bá mi rìn ju ojú rẹ̀ lọ. Mi ò lè to ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí kì í ṣe ẹni tó ń ròyìn ara rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni ọ̀rọ̀ tó sọ níbí, ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́hùn-ún, àti ohun kan tó ṣe tí ìdílé wa kò ní gbàgbé láé.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Jos ló ránṣẹ́ pè é nígbà tó ṣì jẹ́ géńdé, kí ó wá bá wọn nájà. Ọjà kò bá a lára mu. Kò lè yin ohun tí kò dára, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe oníbàárà tó ń kọjá lọ. Ibi tó ti rí iṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ Màláàmù arúgbó kan tó ń ṣe gàárì ẹṣin. Ó máa ń lọ jókòó tì í bí ọjà bá ti sú u. Nígbà tó yá, Màláàmù fún un ní àkísà àti òrí, ó ní kí ó fi pa gàárì kan lára. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ẹṣin dín kù ní ìgboro, tí mọ́tò àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń wa tánganran pọ̀ sí i, Bàbá kó òrí rẹ̀, ó tẹ̀lé awọ lọ síbi tí awọ lọ.

Mo ti wo iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè fi ojú inú rí i báyìí. Yóò fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbọn eruku pupa Jos kúrò nínú ojú ibi tí wọ́n rán. Yóò gé ọṣẹ wẹ́wẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, yóò pò ó títí yóò fi hó, yóò sì bu ìfófó orí rẹ̀ nìkan. Kì í jẹ́ kí omi fúnra rẹ̀ kan awọ. Yóò fi aṣọ tútù díẹ̀ nù ún, yóò jẹ́ kí ó gbẹ lábẹ́ ibòòji. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òrí tó kàn, èyí tó ti yọ́ pọ̀ mọ́ ìda oyin, tó sì ti bá koríko ọba hó lórí iná kí òórùn rẹ̀ má baà le. Kì í fi àkísà pa òrí náà sí i. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló ń lò, orí ìkúnlẹ̀ ló sì máa ń wà, nítorí ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò kò ga. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tó ń ṣe jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ohun tí èèyàn ń fi ìdí lé. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ohunkóhun tó bá jẹ́ awọ lónìí, ó ti mí rí."

Ẹni tí kò gbé Jos rí kò tíì mọ ọyẹ́. Ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á là, awọ mọ́tò á ya bí ilẹ̀ odò tó gbẹ. Ìgbà náà ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù fún Bàbá, ìgbà náà sì ni ó máa ń to àwa ọmọ ilé sínú oòrùn àárọ̀, tí yóò máa fi òrí pa wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Agolo kan náà tó ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni. Ìyá àgbà, ìyàwó rẹ̀, a máa pariwo láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ọmọ èèyàn kì í ṣe àga mọ́tò o, Bàbá Láyíwọlá!"

Bàbá á rẹ́rìn-ín, á tún fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́ rọra. "Ìyá Láyíwọlá, èwo ló yàtọ̀ níbẹ̀? Awọ ni gbogbo wa."

Ó ní ìjà tirẹ̀ náà. Kì í ṣe ẹni tí kì í bínú. Ìjà tó bá àwa ọmọ jà jù ni ti èdè. Jos ni wọ́n bí wa sí, Hausa ló sì máa ń yára dé ẹnu wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo jí, mo rí i lójúde, mo ní, "Ina kwana, Baba." Kò dáhùn. Mo tún un wí. Ó ń wo ọ̀nà bí ẹni pé àgùntàn ló ké. Nígbà tí mo wá kúnlẹ̀, tí mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà," ó yíjú sí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ mi, ṣé dáadáa lo jí?" Ohun tó bí mi nínú ni pé aládùúgbò wa kọjá ní ìṣẹ́jú náà gan-an, Bàbá sì kí i ní Hausa tó dùn bí oyin, láti orí ìyàwó dé orí ewúrẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ń sọ ọ́!" Ó ní, "Èdè ọjà wà, èdè ilé wà. Bí o bá gbé tọjà wọlé, níbo lo fẹ́ gbé tilé sí?"

Ìjà rẹ̀ tó gùn jù lọ ni èyí tó bá àbúrò rẹ̀ jà, ẹni tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, tó ń gbé ní Laranto, àdúgbò mìíràn ní Jos. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni àwọn méjèèjì jọ wà tẹ́lẹ̀. Bàbá Kékeré yá ọwọ́, kò ní sùúrù. Ní ọjọ́ kan tí Bàbá kò sí nílé, wọ́n gbé mọ́tò kan wá tí yíǹkì dà sí lórí àga. Bàbá Kékeré fi kẹrosíìnì nu yíǹkì náà kúrò, ó fi pólíṣì bàtà bo ojú rẹ̀, ó dán gbinrin. Kí ọyẹ́ tó parí, àga náà ti fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹni tó ni ín gbé e padà wá, ó sì bú Bàbá lójú gbogbo àdúgbò. Bàbá bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó kó irinṣẹ́ àbúrò rẹ̀ sínú àpò, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó tó ọdún mélòó kan tí wọn kò fi bára wọn sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ìyàwó Bàbá Kékeré bímọ, Bàbá ló kọ́kọ́ dé Laranto. Ó gbé ọmọ náà lé itan, ó fi òrí pa á lára, ó ṣàdúrà fún un. Ìyá àgbà bi í lójú ọ̀nà bóyá ìjà ti parí. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń bínú sí. Mi ò bínú sí òun."

Mo fẹ́ sọ ti bàbá mi báyìí.

Láyíwọlá ni orúkọ rẹ̀, òun nìkan ni ọkùnrin tí Bàbá bí. Kò fẹ́ràn iṣẹ́ awọ. Ohun tó fẹ́ràn ni kí mọ́tò máa rìn. Ó kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó sì di dírẹ́bà Ọ̀gá Gyang, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní Hwolshe. Mọ́tò Ọ̀gá Gyang ní àga aláwọ tó pọ́n bí obì. Lójú Bàbá, kò sí mọ́tò tó dà bí rẹ̀ ní Jos, nítorí ọmọ rẹ̀ ló ń wà á. Bí bàbá mi bá gbé e wá fún wíwẹ̀, àwọn méjèèjì á máa ṣe àwàdà. Bàbá mi á jókòó sí àga iwájú, ọwọ́ lórí sítíàrìn, á ní, "Bàbá, ẹ wẹ̀ ẹ́ dáadáa o, èmi ni mò ń jókòó níbẹ̀." Bàbá á pe àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n wá wo ìyanu: "Ẹ wo ọmọ mi. Ó ń jókòó sórí ohun tí mò ń kúnlẹ̀ fún!"

Ìgbà òjò ni ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń ti Kaduna bọ̀, bàbá mi níwájú, Ọ̀gá Gyang lẹ́yìn. Ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí bíréèkì rẹ̀ ti já sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó sì kọlù wọ́n lápá ibi tí bàbá mi jókòó sí. Apá Ọ̀gá Gyang kán. Bàbá mi kò dé ilé ìwòsàn kí ẹ̀mí tó bọ́.

Mo ti ń lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Mo mọ ohun tí mo rí. Bí wọ́n ṣe sọ fún màmá mi, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú ìjọ. Bàbá àti Ìyá àgbà kò lọ. Nílẹ̀ Yorùbá, òbí kì í rí òkú ọmọ rẹ̀, kì í sì í mọ ibojì rẹ̀. Pásítọ̀ wa ní kò sí èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì. Bàbá Kékeré, tó ti sáré dé láti Laranto pẹ̀lú omijé lójú, dá a lóhùn pé, "Ẹ máà bínú, Pásítọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní lọ." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì nínú yàrá, àwọn obìnrin ìjọ sì jókòó yí wọn ká. Ìyá àgbà ń ké. Bàbá kò ké. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ti ibi ìsìnkú dé, tí amọ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn, kò bèèrè ibi tí wọ́n sin ín sí. Ohun kan ṣoṣo ló bi àbúrò rẹ̀.

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Bàbá Kékeré ní, "Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Bàbá ń mi orí. "Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n," ló wí.

Lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí pe Ìyá àgbà ní Ìyá Àbẹ̀kẹ́, kí wọ́n má baà máa dárúkọ olóògbé sí i létí. Bàbá nìkan ló kọ̀. Láàárọ̀, lálẹ́, Ìyá Láyíwọlá ló ń pè é. Àwọn ará ìjọ rò pé ọgbọ́n rẹ̀ ti ń fò lọ. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jáwọ́. Ó ní, "Ikú mú ọmọ. Kò mú orúkọ."

Òjò ti dáwọ́ dúró, ọyẹ́ ti ń súnmọ́lé, nígbà tí Ọ̀gá Gyang wá sí ṣọ́ọ̀bù. Apá rẹ̀ kò tíì jinná tán. Èmi àti Ìyá àgbà wà níbẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán la gbé wá fún Bàbá. Hausa ni wọ́n jọ sọ.

"Sannu, Baba," ni Ọ̀gá Gyang wí, kò sì lè wo ojú Bàbá.

"Sannu, ọmọ mi. Apá ń kọ́?"

"Ó ń san." Ó fi ọwọ́ kejì gbá apá náà mú. "Baba, wọ́n ti tún ara mọ́tò náà ṣe. Ó ku inú rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ni mo fi wá. Àga iwájú yẹn... mo ti ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n lọ gbé e jù nù. Wọn á fi tuntun síbẹ̀."

Bàbá gbé búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Níbo ni wọ́n máa gbé e jù sí?"

"Ààtàn ni, Baba. Níbo tún ni?"

"Kí ló wà lára rẹ̀?"

Gbogbo wa la mọ ohun tó wà lára rẹ̀.

Bàbá dìde. Mi ò rí i kí ó ga tó bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi lórí ààtàn? Kí ajá máa fi imú tú u? Gbé mọ́tò náà wá síbí, Gyang. Bó ṣe wà ni kí o gbé e wá."

Ìròyìn náà dé Laranto kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́tò dé, Bàbá Kékeré náà dé. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wọ ṣọ́ọ̀bù náà láti ọjọ́ tí Bàbá ti lé e nìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí eruku.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Èèwọ̀ ni. Òbí kì í fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí èmi wẹ̀ ẹ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò ní fi kẹrosíìnì kàn án."

Mo rántí pé kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá gbé e dìde. "O ṣeun, àbúrò mi. Ìgbà tí wọ́n bí i, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ bọ́ sí lẹ́yìn agbẹ̀bí. Ìgbà tó ń kọ́ rírìn, èmi ni mò ń fọ ojú egbò rẹ̀. Ìgbà tó kú, ẹ tì mí mọ́lé, mo gbà. Mo gba gbogbo rẹ̀. Èyí tó kù yìí, ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò.

Ìyá àgbà ti ní kí n lọ sílé, mo sì ti kúrò níwájú wọn, ṣùgbọ́n mi ò kọjá ìdí igi gúrófà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo rí àga náà. Ó ti gbẹ, ó ti dúdú, ó sì ti le koko lójú ibi tí wọ́n rán. Bàbá kò yára. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n. Ó po ọṣẹ títí ó fi hó, ó bu ìfófó, ó fi pa á, ó nù ún, ó tún bu òmíràn. Omi inú abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. Bó bá ti pọ́n tán, kò dà á sínú gọ́tà bí ti ojoojúmọ́. Ó ti gbẹ́ kòtò kan sí ìdí igi, ibẹ̀ ló ń lọ dà á sí, á sì fi ọwọ́ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ẹ̀gbẹ́ mi gan-an ló ń dà á sí. Ó rí mi. Kò lé mi lọ.

Nígbà tó yá, aṣọ tó fi ń nù ún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó mú un, ó tún bọ́. Ìyá àgbà, tó ti jókòó lórí àpótí láti àárọ̀, dìde. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn kejì, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó na ọwọ́.

"Ẹ fún mi lápá kan níbẹ̀, Bàbá Láyíwọlá."

Bàbá wò ó. Ó fa aṣọ náà ya sí méjì, ó fún un ní ìlàjì. Bí àwọn arúgbó méjì ṣe kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́tò nìyẹn, tí wọ́n ń wẹ ọmọ wọn. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí ki oríkì bàbá mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fi omi gbígbóná wẹ ọmọ ọwọ́ tí kò fẹ́ wẹ̀. Ìgbà náà ni Bàbá ké. Ọ̀gá Gyang wà lójúde, ó kọjú sí ògiri. Bàbá Kékeré ló ń pọn omi fún wọn.

Àmì náà kò kúrò tán. Ohun tó bá ti wọ awọ lára kì í kúrò tán. Nígbà tí òrí wọ̀ ọ́, ó kàn dà bí ibi tí òjìji ṣú sí ni. Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀, ó pe Ọ̀gá Gyang, ó ní, "Máa jókòó síbẹ̀ o. Má yọ ọ́. Ìwọ kò jẹ̀bi; wọn ò jẹ́ kí n wẹ̀ ẹ́ nígbà tó kú. Mo ti wẹ̀ ẹ́ báyìí."

Ọ̀gá Gyang kò yọ ọ́. Kò gba dírẹ́bà mìíràn sórí mọ́tò náà mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á.

Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun kan yí padà. Bí dírẹ́bà èyíkéyìí bá gbé mọ́tò ọ̀gá rẹ̀ wá, Bàbá kì í bi í léèrè ọ̀gá mọ́. Ó máa ń ní, "Ṣé bàbá rẹ wà láyé?" Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá á ní, "Rọra wà á padà sọ́dọ̀ rẹ̀." Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn mìíràn, mo gbọ́ pé wọ́n ń ti ọ̀nà jíjìn gbé mọ́tò wá nítorí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan.

Ọdún ń lọ. Mọ́tò tí àga rẹ̀ jẹ́ aṣọ tàbí rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀, aláwọ ń dín kù. Àwọn ọjọ́ kan wà tí Bàbá máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, tí kò sẹ́ni tó máa yà. Kò ráhùn. Òun àti Bàbá Kékeré ti jọ ń jókòó síbẹ̀ nígbà náà, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màmá mi kò lọ́kọ mìíràn. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, òun àti èmi a máa mú ọkọ́ kékeré kan, a máa lọ ro ibojì bàbá mi. A kì í sọ ibi tí à ń lọ. Bàbá a máa wo ọkọ́ náà, a sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí ni ikọ́ gbé e dè. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n súnmọ́ ọn. Èmi ni mò ń fi òrí pa á lọ́wọ́ nígbà náà, nítorí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti là.

"Àbẹ̀kẹ́, ibi tí ẹ ń gbé ọkọ́ lọ yẹn."

Mo gbé agolo òrí sílẹ̀.

"Ṣé ibẹ̀ mọ́?"

"Ó mọ́, Bàbá. Màmá mi kì í jẹ́ kí koríko hù níbẹ̀."

"Ó dára." Ó wúkọ́, ó sinmi. "Òfin alààyè ni òfin yẹn. Mo ti pa á mọ́, mi ò rú u. Bí mo bá kú, mi ò sí lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ má gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ gbé mi lọ síbi tó wà."

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni Ìyá àgbà. Bí wọ́n bá sin Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ìyá ọmọ kò ní lè dé ibojì ọkọ rẹ̀ láé. Bàbá ti rò ó kí n tó rò ó. Ó ní kí n pè é wá. Ìyá àgbà wọlé, ó jókòó sẹ́sẹ̀ ibùsùn, Bàbá sì sọ ọ́ fún un bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Ó fi kún un pé, "Bí o bá ní rárá, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n máa gbé mi lọ."

Ìyá àgbà ń tún etí aṣọ ìbora rẹ̀ ṣe.

"Ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti ń dá wà," ló wí. "Ẹ máa lọ bá a."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Bàbá sùn tí kò jí. Àwọn ẹbí dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi gbé òkú. Wọ́n ní wọn kò gbọ́ ọ rí, kí àgbàlagbà ní ilé bàbá rẹ̀ nílé kí wọ́n sì sin ín sí ìdálẹ̀. Ohùn ń ga, inú ń bí wọn. Bàbá Kékeré ló dìde. Arúgbó ni òun náà ti dà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó ní, "Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nígbà tí ọmọ rẹ̀ kú. Mi ò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kejì." Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe gbà.

Bàbá Kékeré àti Ọ̀gá Gyang ló wẹ̀ ẹ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá Gyang ti fẹ̀yìn tì, irun rẹ̀ ti funfun, ó fi òrí pa á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ní itẹ́ òkú, lẹ́yìn tí Pásítọ̀ gbàdúrà tán, tí wọ́n ti sọ àpótí kalẹ̀, Bàbá Kékeré kò jẹ́ kí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sí i ní kíá. Ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibojì àtijọ́ tí èmi àti màmá mi ń ro, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Láyíwọlá. Bàbá rẹ dé o."

A darí sílé. Ìyá àgbà wà nínú yàrá, àwọn obìnrin ìjọ yí i ká gẹ́gẹ́ bí ti ìgbà náà. Ó ṣẹ́wọ́ sí mi, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò bi mí níbi tó wà. Ó tẹ orí mọ́ etí mi.

"Ṣé wọ́n súnmọ́ ara wọn?"

Mo ní, "Wọ́n súnmọ́ ara wọn, Ìyá. Àlàfo àárín wọn kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan."

Ó mi orí, ó di ọwọ́ mi mú.

"Àbẹ̀kẹ́," ló wí, "ẹ sọ fún àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kejì ọmọ mi sílẹ̀ fún mi."